Ògbufọ̀ Àwọn Alágbàfọ̀

"Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ tó korò, má gbé e lọ bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá náà wí, bó ti ń fi áńkáṣíìfù nu òógùn ọrùn rẹ̀. "Àwọn àlejò yìí ti ọ̀nà jíjìn wá, inú rere ló sì gbé wọn wá. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà," ni Dúdúyẹmí dáhùn.

"O ṣeun. Má sì gbàgbé pé ọmọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa ń mú lọ́dún."

Dúdúyẹmí kò lè gbàgbé. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀rọ̀ náà sùn, tó sì ń fi í jí. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ aláàánú láti òkè òkun náà máa ń mú ọmọ kan ní àdúgbò wọn lọ sí iléèwé ńlá kan ní olú ìlú, wọn a sì gbé gbogbo ìnáwó rẹ̀ títí tí yóò fi jáde. Ó ti rí àwòrán iléèwé náà. Ó rí yàrá ìkàwé tí ìwé kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Ní iléèwé tirẹ̀, ọmọ mẹ́rin ló ń tẹ orí sí ìwé kan ṣoṣo, ẹni tó bá jókòó sí ìkángun á kàn máa fetí gbọ́ ni.

Ibùdó ìfọṣọ tí wọ́n dúró sí yìí wà ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti yí kọ́rọ́ kó tó wọ ìlú. Agbada ìfọṣọ onísímẹ́ńtì tò síbẹ̀, ẹ̀rọ omi wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn ìsáṣọ sì nà gbọọrọ láti òpó dé òpó. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin bí ogún ti ń fọ aṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ ọsibítù, àti ti àwọn tó rí já jẹ ní ìlú. Iṣẹ́ náà le, ó ń bó ọwọ́, ó ń dun ẹ̀yìn, àmọ́ ó ń bọ́ wọn. Òun náà ló bọ́ Dúdúyẹmí dàgbà. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ olórí àwọn alágbàfọ̀, àti Àǹtí Kékeré, àbúrò ìyá rẹ̀, ni wọ́n jùmọ̀ tọ́ ọmọ náà. Àǹtí Kékeré yìí ló tilẹ̀ sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí, nítorí pé dúdú ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn títí àwọn olùkọ́ pàápàá fi gbàgbé èyí tó wà nínú ìwé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba àwọn obìnrin náà lẹ́rù, ọ̀nà ọlọ́dà yẹn ni. Láti orí òkè ni àwọn típà tó ń kó òkúta ti ń já bọ̀ ní eré burúkú. Kò sí ògiri, kò sí òpó irin, kò sí ohunkóhun láàárín wọn àti àwọn tó ń fọṣọ. Nígbà kan rí, típà kan gbá òpó, ó sì fa okùn pẹ̀lú aṣọ tó wà lórí rẹ̀ lọ. Awakọ̀ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń wọ́ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì wọ ìlú. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí ọta ìbọn fi díẹ̀ tàsé ni.

Ọ̀gá tó ń bá Dúdúyẹmí sọ̀rọ̀ ni aṣojú ẹgbẹ́ aláàánú náà ní ìlú wọn. "Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́" ni àwọn alágbàfọ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí bí ẹgbẹ́ bá fún wọn ní ọṣẹ kan péré, òun á ti dúró tì wọ́n, á máa pariwo, "Ẹ dúpẹ́! Ẹ dúpẹ́ o!" Ó gbọ́ èdè àwọn àlejò ju Dúdúyẹmí lọ fíìfíì. Òun gan-an ló yẹ kó ṣe ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò fẹ́ kó jẹ́ ọmọ àdúgbò, kó sì wọ aṣọ iléèwé. Ó máa ń dára nínú àwòrán.

Àwọn àlejò mẹ́rin ló wá lọ́jọ́ náà. Obìnrin àgbàlagbà kan ni olórí wọn. Irun orí rẹ̀ funfun, ó ń dán, kó tó jókòó ni àwọn alágbàfọ̀ ti sọ ọ́ ní Ìyá Onírun Fàdákà. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bìkítà pé ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ó jókòó sórí àga oníke bíi tiwọn, ó wo ojú wọn, ó ní kí Dúdúyẹmí bá òun bi wọ́n léèrè pé, "Kí ni ẹ fẹ́ kí a bá yín ṣe?"

Ìbéèrè náà dára. Àmọ́ ibi tí Dúdúyẹmí dúró sí, ó ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá. Pátákó ńlá kan wà níbẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba pé: IBÙDÓ ÌKỌ́ṢẸ́ ARÁNṢỌ FÚN ÀWỌN ÌYÁ. Wọ́n ti kọ èsì kí wọ́n tó béèrè.

Àǹtí Kékeré ló kọ́kọ́ dìde. Èèyàn kúkurú ni, ohùn rẹ̀ ló ga.

"Bá mi kí wọn káàbọ̀. Ṣé wọ́n rí ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wa yìí? Ògiri ni a fẹ́. Ògiri tó nípọn, láti ibi òpó iná yẹn títí dé ibi igi yẹn. Ọjọ́ tí bíréèkì típà kan bá kọ̀ lórí òkè yìí, àwa ló máa wá bá."

Ìyá Dúdúyẹmí náà sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó. "Fi kún un fún wọn pé aṣọ fífọ̀ ni iṣẹ́ wa. A mọ̀ ọ́n, a sì ń fi í jẹun. A kò wá iṣẹ́ mìíràn. Kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa dáàbò bo èyí tí a ní."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Dúdúyẹmí. Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́ rọra wúkọ́. Ọmọ náà wo pátákó tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó rántí yàrá ìkàwé olú ìlú.

"Wọ́n ní inú àwọn dùn láti rí yín," ló wí ní èdè àwọn àlejò. "Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe le púpọ̀, ó sì léwu. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe fún àwọn, tayọ̀tayọ̀ ni àwọn á fi gbà á."

Ìyá Onírun Fàdákà fi ọwọ́ lé àyà. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó mi orí sí Àǹtí Kékeré, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì béèrè bóyá wọ́n á fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán.

Dúdúyẹmí yíjú sí àwọn obìnrin náà. "Wọ́n ní àwọn gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Wọ́n ní àwọn á ṣe ohun tó yẹ."

Ni àwọn alágbàfọ̀ bá pàtẹ́wọ́. Àwọn ń pàtẹ́wọ́ fún ògiri; àwọn àlejò gbà pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ayàwòrán tó bá wọn wá ya àwòrán gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́ fi ọwọ́ gbá Dúdúyẹmí léjìká pẹ́pẹ́. "Ọmọ tó gbọ́n ni ọ́," ló wí.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ ìránṣọ méjìlá dé. Wọ́n tò wọ́n sínú yàrá kan nítòsí ibùdó ìfọṣọ, wọ́n kan pátákó náà mọ́ iwájú rẹ̀. Àwọn alágbàfọ̀ dúró sẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ náà, wọ́n ń wojú ara wọn.

"Ògiri náà ńkọ́?" ni ìyá Dúdúyẹmí rọra bi Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, màmá. Wọ́n ń ya àwòrán. Ẹ dúpẹ́!"

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ bọ́ gèlè, ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Dúdú, ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, ṣé o sọ ọ́ fún wọn ṣá?"

"Mo sọ ọ́, Màámi."

"O sọ ọ́ bí àǹtí rẹ ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ó tán nìyẹn. Wọ́n gbọ́, wọn ò kà á sí. Ọwọ́ tó ń fúnni ló ń wà lókè. Àwa tí a tẹ́wọ́ nísàlẹ̀, ohun tó bá já bọ́ sí i náà la máa pa ọwọ́ dé mọ́."

Dúdúyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Irọ́ àkọ́kọ́, ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe irọ́, òtítọ́ tí a fi oyin sí ni. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fún ìyá rẹ̀ yìí, kò rí oyin kankan fi sí i.

Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́ pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin náà máa wá kọ́ṣẹ́ ní ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi, wọ́n á lọ jókòó ti ẹ̀rọ tí iná kì í sí láti fi wà á. Ọjọ́ tí iná bá wà, ẹ̀rín ni. Àǹtí Kékeré rán ẹ̀wù kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ gba erin, tí apá òsì kò sì gba èkúté. Ó gbé e wọ̀, ó yí pooyi láàárín yàrá. "Ẹ wá wo ọlọ́lá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn òtẹ́ẹ̀lì kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ wọn ń pẹ́, wọ́n sì ń fún ẹlòmíràn níṣẹ́.

Àkókò yìí náà ni ìròyìn dé pé Dúdúyẹmí ni ẹgbẹ́ mú fún iléèwé olú ìlú. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ títì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àǹtí Kékeré gbé e pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ gígùn ọmọ náà ń gbá ilẹ̀. "Ọmọ mi ń lọ o! Ẹ bá mi yọ̀!" Gbogbo alágbàfọ̀ bá a yọ̀. Dúdúyẹmí náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ojú àǹtí rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n wá pè é ní kíláàsì. Kò tíì dé ibùdó ìfọṣọ tó ti ń gbọ́ igbe. Bíréèkì típà kan kọ̀ lórí òkè. Ó já wọ àárín okùn ìsáṣọ, ó fọ́ agbada mẹ́ta, kó tó fi imú gún òpó iná. Òkúta dà káàkiri. Àwọn aṣọ ibùsùn funfun lọ́ mọ́ ara wọn lábẹ́ táyà. Àǹtí Kékeré ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ló wà, kò rí ohun tó ń bọ̀.

Ó yè é. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rún, àwọn dókítà sì gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

Nígbà tí wọ́n gba Dúdúyẹmí láyè láti wọlé rí i, oòrùn ń ta wọ ojú fèrèsé ọsibítù. Aṣọ tí wọ́n fi bo Àǹtí Kékeré ga ní ibi ẹsẹ̀ kan, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ ní ibi ìkejì. Dúdúyẹmí di irin ibùsùn mú, ó bú sẹ́kún.

"Dákẹ́," ni àǹtí rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ tó máa ń ga ti di wẹ́rẹ́. "Mo ṣì wà láàyè. Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ? A sọ ọ́ fún wọn. Ẹnu mi báyìí ni mo fi sọ ọ́. Obìnrin yẹn wo ojú mi, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kí èèyàn gbọ́ pé ikú ń bọ̀ lórí ẹ, kó wá lọ ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ẹ? Irú èèyàn wo nìyẹn?"

  Dúdúyẹmí sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi iwájú orí ti ògiri títí nọ́ọ̀sì kan fi wá bi í bóyá òun náà ló ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Àǹtí Kékeré sílẹ̀ lọ́sibítù, àwọn àlejò tún dé. Wọ́n ti gbọ́. Inú yàrá ìránṣọ ni wọ́n pe ìpàdé sí. Wọ́n gbé àga onítáyà tuntun wá fún Àǹtí Kékeré, wọ́n sì gbé e jókòó sórí rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ayàwòrán kúnlẹ̀, ó gbé kámẹ́rà kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pin sí. Àǹtí Kékeré fa ìró rẹ̀ bò ó.

Ìyá Onírun Fàdákà dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọkàn wa bàjẹ́ gidigidi," ló wí. "Ká ní a mọ̀ pé ọ̀nà yìí léwu báyìí ni, à bá ti ṣe nǹkan sí i."

Dúdúyẹmí gbé gbólóhùn àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin náà. Ó gbé ìkejì mì.

Ìyá rẹ̀ bá dìde. Kò pariwo. "Dúdú, bá mi bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Ọjọ́ tí àbúrò mi sọ̀rọ̀ ògiri, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n ń rò lọ́kàn wọn lásìkò náà? Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

 Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́ ti dìde kíá. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀. Wọ́n gbé àga wá, ẹ dúpẹ́..."

"Ọmọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀," ni ìyá Dúdúyẹmí wí.

 Ọmọ náà wo Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́, ọ̀gá náà mi orí sí i pé rárá. Ó wo àǹtí rẹ̀ lórí àga tuntun. Ó mọ̀ pé ẹnu kan ṣoṣo tó wà láàárín apá méjèèjì, tòun ni. Bí òun bá dí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló bà á jù. Ó yíjú sí Ìyá Onírun Fàdákà, ó sì gbé ìbéèrè ìyá rẹ̀ fún un lódindi, kò yọ nǹkankan, kò fi nǹkankan sí i.

Ìyá Onírun Fàdákà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi dáhùn.

Dúdúyẹmí kọjú sí àwọn ìyá. Omi ti bò ó lójú.

"Wọ́n ní... 'Ògiri wo?'"

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. Àǹtí Kékeré di apá àga rẹ̀ mú gírígírí.

"Mi ò sọ ọ́ fún wọn," ni Dúdúyẹmí wí. Ó sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, ó tún un sọ ní èdè àwọn àlejò. "Wọ́n bi mí, mo ní inú yín dùn. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀ ògiri, mo gbé e pamọ́. Mo fẹ́ lọ sí iléèwé yẹn. Màámi, mo purọ́ fún yín nílé. Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́."

"Ọmọdé ni," ni Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́ yára wí fún àwọn àlejò. "Ohun tí wọ́n sọ kò yé e."

"Ó yé mi, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbé ọ̀rọ̀ tó korò. Àmọ́ ẹnu mi ni mo fi ṣe é."

Ìyá rẹ̀ kò wò ó. Ó padà jókòó. Àǹtí Kékeré yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sì yí i padà. Ìyá Onírun Fàdákà fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Dúdúyẹmí tẹ̀ lé e ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ní àwọn á bá yín bẹ àwọn tó ń dáwó, bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní owó tó wà nílẹ̀, ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni, àwọn tó dá a fẹ́ rí ẹ̀rọ."

"Kò burú," ni ìyá Dúdúyẹmí wí. Kò gbójú sókè. "Kí wọ́n jẹ́ ká ta ẹ̀rọ náà, ká fi owó rẹ̀ mọ ògiri."

"Kò ṣeé ṣe!" ni Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́ kígbe. "Ẹ̀bùn kì í ṣe ọjà. Ẹgbẹ́ kò gba irú ẹ̀ láyè."

Ìgbà yìí ni ìyá náà wá gbójú sókè. "Bí ẹ̀rọ wọ̀nyí bá jẹ́ tiwa, kí ló dé tí a ò lè tà wọ́n? Bí wọn kì í bá sì í ṣe tiwa, kí ni ẹ ní ká máa dúpẹ́ fún láti ọjọ́ yìí? Sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ fá tiwa, ẹ tún ní ká wo dígí, ká rẹ́rìn-ín."

Dúdúyẹmí sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dígí náà mú kó làágùn kó tó rí bó ṣe máa gbé e, ṣùgbọ́n ó gbé e.

Ìyá Onírun Fàdákà tẹrí ba. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, jọ̀wọ́, gbé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tìrẹ nìkan. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ yín ni a ti kun pátákó. Mo wá bi yín ní ohun tí mo ti pinnu. Ká ní etí mi ṣí lọ́jọ́ náà, ǹ bá wo ibi tí ìyá yìí ń nàka sí, ọ̀nà ló ń nàka sí." Ó wo àwọn ẹ̀rọ náà. "Tiyín ni wọ́n. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi wọ́n ṣe." Lẹ́yìn náà, ó ní kí ayàwòrán gbé kámẹ́rà rẹ̀ sínú àpò.

Àwọn alágbàfọ̀ ta ẹ̀rọ méjìlá náà fún ilé ìkọ́ṣẹ́ kan nínú ìlú. Owó náà kò tó, wọ́n fi èyí tí wọ́n kó jọ lé e. Wọ́n gba bíríkìlà, ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí dìde létí ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Dúdúyẹmí kò tán síbẹ̀ o. Àyè iléèwé olú ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mìíràn. Ọ̀gá Ẹ-Dúpẹ́ sọ fún ọ́fíìsì pé ọmọ náà kò ṣeé fọkàn tán, ó sì ṣòro láti sọ pé irọ́ ni ọ̀gá náà pa. Bóyá Ìyá Onírun Fàdákà bá a bẹ̀bẹ̀, bóyá kò bẹ̀bẹ̀, Dúdúyẹmí kò mọ̀. Nílé, ìyá rẹ̀ kì í bá a sọ ju "gbé ìyẹn wá" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Ọmọ náà kò ráhùn. Bó bá ti dé láti iléèwé, á bọ́ aṣọ, á lọ máa ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà. Àwọn obìnrin tó ti bá a yọ̀ rí ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ bá a nídìí àdògán níbi tó ti ń fẹ́ná. 

"Kí ló sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá yẹn?"

"Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Ìyá rẹ̀ mi orí. "Òwe náà dára. Ó ní ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò ní ká má jẹ́ ẹ." Ó jókòó tì í, ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a fẹ́ná náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí padà sáàárín wọn.

Ti Àǹtí Kékeré pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dúdúyẹmí ń bá a pọn omi, ó ń bá a fọ aṣọ tirẹ̀, kò gbọ́ ju "o ṣeun" lọ. Ọjọ́ tó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níkẹyìn, àǹtí rẹ̀ fa etí rẹ̀ díẹ̀ bíi ti àtijọ́, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má retí pé kí n gbàgbé. Ẹsẹ̀ yìí ò ní jẹ́ n gbàgbé, ìwọ náà má sì gbàgbé."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ aláàánú mìíràn wá láti òkè òkun. Àwọn alágbàfọ̀ ti ní òfin tiwọn. Ògbufọ̀ méjì ni wọ́n fi síwájú, kí ọ̀kan máa ṣọ́ èkejì. Àlejò tó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn gbọ́dọ̀ tún un sọ fún wọn kó tó fèsì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó gbọ́. Dúdúyẹmí ni ọ̀kan nínú àwọn ògbufọ̀ náà. Àǹtí Kékeré ló tẹnu mọ́ ọn pé òun ni òun fẹ́.

"Ẹni tó ti jóná rí ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé iná," ló wí.

Ọkùnrin tó ṣáájú àwọn àlejò náà fẹ́ kọ́ yàrá kan. Àwọn obìnrin náà ní òrùlé ni àwọn fẹ́ lórí agbada, nítorí òjò. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, ọkùnrin náà fajú ro, Dúdúyẹmí kò sì fi oyin sí i. Ó ti kọ́ ọ lọ́nà tó dun ni pé oore tí a kò bi ẹni tí a fẹ́ ṣe é fún léèrè bó ṣe fẹ́ ẹ, ẹrù ni, kì í ṣe oore. Ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn kò tíì sọ ẹnu rẹ̀ nù. Ẹni tí a bá sì fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rán, bó ti wù kí èrè irọ́ pọ̀ tó, kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀, nítorí ẹlòmíràn ló máa san án.

Nígbà tí ìpàdé tú, Àǹtí Kékeré fi ọ̀pá tó ń fi sábẹ́ abíyá tilẹ̀, ó rìn wá bá a.

"Mi ò gbọ́ èdè wọn," ló wí, "ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin yẹn ni mo ń wò. Ó bínú gan-an ní ibi tó yẹ kó ti bínú."

Ó fi ọwọ́ kọ́ Dúdúyẹmí lọ́rùn, wọ́n sì jọ ń rọra lọ sílé.